Bí A Kò Bá Rí Kòkòrò, Ṣé Ara Kò Yún Ni?

Ìyà pọ̀ láyé, oríṣiríṣi sì ni, ṣùgbọ́n bóyá ni ọ̀kan wà nínú wọn tí ó korò tó ìyà tí ẹni tí ń jẹ ẹ́ kò rí ẹlẹ́rìí sí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, gbogbo ayé a rí i, wọn a sì bá a kẹ́dùn. Ẹni tí ibà dá wó, ìyá rẹ̀ a gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, a sì mọ̀ pé ara ọmọ òun ti gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ta jí lóru, tí ó ní ohun kan ń rìn wérewère lábẹ́ awọ ara òun, tí ó ní òun ń fa fọ́nrán tín-ín-rín, aláwọ̀ osùn àti aláwọ̀ aró, jáde nínú egbò tí kò fẹ́ jinná, tí ó sì gbà pé inú afẹ́fẹ́ ilé òun gan-an ni àwọn fọ́nrán náà ti ń fò wá bà lé òun, ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ròyìn títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bó, kò sì ní rí ohun kan gbà ju ojú tí a fi ń wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ. Ohun tí ó dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ aláìsàn yìí ti ń pọ̀ sí i ni àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ń dín kù. Ọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni a gbé kalẹ̀ lónìí, nítorí pé ọ̀nà tí ayé gbà bá wọn lò kan oníṣègùn, ó kan ìjọba, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ó ní ará ilé tí ara rẹ̀ kò yá.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ariwo àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, Morgellons sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Abiyamọ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Mary Leitao, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé àyẹ̀wò, ni ó rí egbò kan lẹ́nu ọmọ rẹ̀ kékeré, tí ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, tí ó sì ní fọ́nrán pupa, aláwọ̀ aró, dúdú àti funfun ni òun rí níbẹ̀. Ó gbé ọmọ náà láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì rí àrùn kan pàtó mú. Nígbà tí ó di ọdún 2002, ó yẹ ìwé àtijọ́ wò, ó sì rí lẹ́tà kan tí Sir Thomas Browne, oníṣègùn àti òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1690, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní agbègbè Languedoc ní ilẹ̀ Faransé, tí irun líle a máa hù lẹ́yìn wọn. Nínú lẹ́tà yìí ni ó ti mú orúkọ náà. Kò sí ẹ̀rí kan tí ó so àwọn ọmọ Languedoc pọ̀ mọ́ ti òde òní, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyà rẹ̀ kò lórúkọ tẹ́lẹ̀, bí ó bá rí orúkọ, yóò dì í mú gírígírí. Obìnrin náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, tí oníkálukú ń wí pé irú èyí gan-an ni ohun tí ń ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń rí, kí a má bàa máa sọ̀rọ̀ ohun tí a kò fi ojú inú rí. Ilé, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ibi ìsinmi fún ẹni tí ayé ti lù bolẹ̀, ni ó wá di ojú ogun. Kápẹ́ẹ̀tì a kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà aṣọ fèrèsé, lẹ́yìn náà ibùsùn. Wọn a ju àga sóde, wọn a dáná sun aṣọ, wọn a fi bílíìṣì fọ ilẹ̀ títí tí imú gbogbo ará ilé yóò fi máa ta, àwọn mìíràn a sì fi bílíìṣì kan náà pa ara, tàbí kí wọ́n fín oògùn apakòkòrò sára bí ẹni tí ń fín koríko oko. Ìyá àgbà a dẹ́kun àtigbé ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé òun yóò kó o ràn án. Ọ̀rẹ́ a kọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ tàbí aya a kọ́kọ́ ṣe sùúrù, lẹ́yìn náà a bínú, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yún fún ọ̀pọ̀ oṣù kò lè rí eruku nínú ìtànṣán oòrùn kí ọkàn rẹ̀ má já.

Ariwo yìí dé etí àwọn aṣòfin. Ó ju 40 lọ nínú àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó kọ̀wé béèrè pé kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, àwọn bí i Dianne Feinstein, John McCain, Hillary Clinton àti Barack Obama sì wà nínú wọn. Olórin ńlá ilẹ̀ Kánádà nì, Joni Mitchell, jáde ní 2010, ó ní òun pàápàá wà lára àwọn tí àìsàn náà ń bá jà. Ní 2008, àjọ ìjọba tí ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí CDC, pawọ́ pọ̀ mọ́ ètò ìlera Kaiser Permanente ní àríwá California, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ PLoS ONE ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2012.

Ènìyàn 115 ni wọ́n rí tí àpèjúwe náà bá mu, èyí tí kò tó 4 nínú 100,000 àwọn tí ó wà lábẹ́ ètò ìlera náà. Obìnrin ni 77 nínú 100 wọn, ẹni ọdún 52 sì ni ẹni tí ó wà ní gbùngbùn wọn bí a bá tò wọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń gorí ara. Wọ́n gé awọ ara díẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti irun wò, wọ́n kó àwọn fọ́nrán náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Kòkòrò ajọ̀fẹ́, wọn kò rí. Kòkòrò àìfojúrí tí ó lè fa irú egbò bẹ́ẹ̀, wọn kò rí. Ọ̀pọ̀ egbò náà jẹ́ ti híhọ tí ó ti pẹ́ tàbí ti kòkòrò lásán tí ó gé ènìyàn jẹ. Ní ti àwọn fọ́nrán, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ohun tí a rí lára òwú. Irun ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò sì fi hàn pé oògùn líle tàbí oògùn apàrora ti wọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà yìí sọ pé 70 nínú 100 wọn ń ráhùn àárẹ̀ tí kì í tán lára, pé 54 nínú 100 ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé ìlera àwọn kò dára tàbí pé kò fi bẹ́ẹ̀ dára, àti pé 59 nínú 100 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ìrántí tàbí ìrònú wọn kò já gaara mọ́. Àwọn olùwádìí náà kò sì sọ pé irọ́ ni ẹnikẹ́ni ń pa. Wọ́n ní àwọn kò lè sọ bóyá àìsàn tuntun ni, tàbí èyí tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni ó tún gba orúkọ mìíràn, ìyẹn àìsàn tí ènìyàn fi ń gbàgbọ́ gbọnin pé kòkòrò wà lára òun, èyí tí oníṣègùn ará Sweden nì, Karl-Axel Ekbom, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1938.

Báwo ni ayé ṣe gba ìròyìn yìí? Ìhà méjì ni wọ́n pín sí, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ka ìlà tí ó wù ú. Àwọn kan nínú àwọn tí ń jìyà ní ìjọba ń fi òtítọ́ pamọ́ ni. Àwọn kan nínú àwọn oníṣègùn ní, ‘Àwa kúkú ti sọ, ọ̀rọ̀ orí ni,’ wọ́n sì pa ìwé dé. Ìlà tí ó ní 54 nínú 100 ń sunkún ìlera wọn, kò sí ẹni tí ó dúró lé e lórí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Èrò tiwa ni pé ìhà méjèèjì jọ ṣe àṣìṣe kan náà: wọ́n gbà pé bí a bá gba aláìsàn gbọ́, dandan ni kí a gba fọ́nrán gbọ́, àti pé bí a kò bá gba fọ́nrán gbọ́, kò sí aláìsàn níbẹ̀. Irọ́ ni. Kí a gbà pé ènìyàn ń jìyà, ọ̀tọ̀ ni; kí a gbà pé òun ni ó mọ ohun tí ń jẹ òun níyà, ọ̀tọ̀ ni. A lè gba ti àkọ́kọ́ pátápátá, kí a sì fi ti èkejì sí abẹ́ àyẹ̀wò, láìtàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ní ti fọ́nrán fúnra rẹ̀, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé òwú ni a bá nínú egbò. Òwú funfun nini, abo-ìtìjú, alábàárìn ọmọ aráyé, tí ó gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí, tí ó sì bá òkú wọ sàréè: níbo ni kò sí? Ó wà nínú aṣọ ìbora, nínú ìborí ìrọ̀rí, nínú aṣọ ìnura, nínú aṣọ tí a fi ń nu egbò gan-an. Bí a ti ń rìn, bí a ti ń jókòó, bí a ti ń gbọn aṣọ, ni ó ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú afẹ́fẹ́, eruku inú yàrá kan kì í sì í wà láìsí fọ́nrán aṣọ nínú rẹ̀. Egbò tí ó rin, tí oje ń jáde lára rẹ̀, yóò gbé èyíkéyìí tí ó bá bà lé e mú, èépá yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá ṣí èépá náà, tí a gbé e sábẹ́ awò, fọ́nrán aró kan tí ó lọ́ bí ẹ̀ka igi yóò hàn sí ojú tí kò sinmi bí ohun abẹ̀mí. Nítorí náà, aláìsàn kò purọ́ pé òun rí fọ́nrán. Ó rí i. Ohun tí ó kù ni láti mọ èwo ni ó ṣáájú, fọ́nrán ni tàbí egbò, ohun gbogbo tí a mọ̀ títí di òní sì fi hàn pé egbò ni. Àwọn olùwádìí díẹ̀ ṣì wà tí wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí tí eégbọn ń gbé kiri, èyí tí ń fa àrùn Lyme, ni ó ń mú kí awọ ara hu fọ́nrán tirẹ̀. Ẹ̀rí wọn kò tíì tẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣègùn lọ́rùn, ṣùgbọ́n a kò ní kí a di wọ́n lẹ́nu, nítorí pé inú àyẹ̀wò ni àríyànjiyàn ìmọ̀ ti ń yanjú.

Bí a ti ń sọ èyí, ó tọ́ kí a bá àwọn oníṣègùn wí díẹ̀. Aláìsàn a wọlé, a ní kòkòrò wà lára òun. Oníṣègùn a ní níbo ni ẹ̀rí wà. Nígbà tí aláìsàn bá tún padà wá, tí ó kó èépá àti fọ́nrán sínú páálí ìṣáná wá fi hàn, oníṣègùn a rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, páálí ìṣáná náà ti di àmì tí a fi ń dá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Kí ni kí ẹni náà wá ṣe? Bí kò bá mú ẹ̀rí wá, kò ní ẹ̀rí. Bí ó bá mú un wá, ẹ̀rí náà a di ẹ̀rí pé orí rẹ̀ kò pé. Ẹni tí a bá fi irú pakuté báyìí dè kò ní padà wá mọ́, kì í sì í ṣe ilé ni yóò padà sí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ta irọ́ fún un ni yóò gbà lọ.

Ìtàn pàápàá kọ́ wa pé kí oníṣègùn máa fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣe é. Fọ́nrán inú afẹ́fẹ́ tí ń pa ènìyàn kì í ṣe àlá. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Nellie Kershaw, tí ó ń ran asbestos ní ilé iṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ó béèrè fún owó ìrànwọ́, ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé asbestos ni ó ń pa á, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀. Ó kú ní 1924, ẹni ọdún 33. Dókítà William Cooke yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, ó bá fọ́nrán náà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà gan-an. Síbẹ̀, ó di 1999 kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin de gbogbo asbestos. Ohun tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni, nítorí òrùlé àti àjà asbestos ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ìwé àti ilé ìjọba àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, a sì ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi òòlù fọ́ ọ ní gbígbẹ, láìbo imú, láìbu omi sí i, tí àwọn ọmọdé sì ń fi àfọ́kù rẹ̀ ṣeré.

Bákan náà ni kòkòrò abẹ́ awọ kì í ṣe ìtàn àlọ́. Lẹ́bàá àwọn odò wa tí ń ṣàn kíákíá, amùkúrù a máa gé àgbẹ̀ jẹ, a sì máa gbin aràn sí i lára. Aràn ńlá lè wà nínú kókó abẹ́ awọ fún ọdún 10 sí 15, ògìdìgbó ọmọ rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí a sì máa rìn kiri inú awọ, tí àgbẹ̀ yóò fi máa fi àpáàdì tàbí igi họ ara títí awọ yóò fi ṣí, tí ojú yóò sì fọ́ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ní ohun kan ń rìn lára òun, òdodo pọ́ńbélé ni ó ń sọ. Ivermectin, oògùn tí ilé iṣẹ́ Merck bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ ní 1987, ni ó tu irú wọn lára, àwárí oògùn yìí sì ni ó mú kí William Campbell àti Satoshi Ōmura gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun tí ó mú kí ayé gba Nellie Kershaw àti àgbẹ̀ etí odò gbọ́. Kì í ṣe ariwo, kì í ṣe iye ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹni kan gbé ẹ̀dọ̀fóró sábẹ́ awò, ó sì bá asbestos níbẹ̀; ẹni kan gé awọ díẹ̀ sínú omi, ó sì rí ọmọ aràn tí ń yí. Òṣùwọ̀n àyẹ̀wò tí ó dá wọn láre yìí kan náà ni a gbé Morgellons sí abẹ́ rẹ̀, kòkòrò kò sì jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jọ̀wọ́ òṣùwọ̀n náà nítorí àánú kò ṣe aláìsàn lóore, nítorí pé òṣùwọ̀n yẹn ni ààbò kan ṣoṣo tí aláìsàn ní lọ́wọ́ ẹni tí yóò ta ohunkóhun fún un.

Ara tí ń yún, tí a kò rí kòkòrò níbẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun létí àwa Yorùbá. Àwọn baba wa mọ ọdẹ orí, ẹni tí ó mú sì máa ń ní ohun kan ń rìn nínú orí òun, nígbà mìíràn a sọ̀ kalẹ̀ sí ara, etí a máa hó, àyà a sì máa já. Oníṣègùn ọpọlọ nì, Raymond Prince, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1960, àwọn tí orí wọn ń gbóná, tí ohun kan sì ń rìn nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kàwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola sì kọ nípa ọdẹ orí gan-an ní 1987, ó sì fi hàn pé ìbànújẹ́ ọkàn àti àìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé àwọn aláìsàn náà ń díbọ́n. Nínú ọpọlọ ni ìyún ti ń di ìyún. Ẹni tí a ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lè ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ń yún òun, ìyún náà sì jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àrùn ara lásán ń mú ara yún, tí kò ní kòkòrò nínú: àrùn kíndìnrín, àrùn ẹ̀dọ̀, ìtọ̀ ṣúgà, àìtó èròjà irin nínú ẹ̀jẹ̀, àti àìtó fítámìnì B12; oògùn líle bí i kokéènì pẹ̀lú a máa fà á. Fọ́nrán gíláàsì tí a fi ń di ògiri àti àjà ilé ní ilẹ̀ òyìnbó a sì máa gún awọ ara ní ti gidi.

Nígbà náà, ọ̀nà wo ni kí a gbà? Ọmọ ilẹ̀ wa kan ti la ọ̀nà náà sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ilé Lísàbí, ìlú tí àpáta Olúmọ gba ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ nígbà ogun, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Arò ní 1954. Kò ti aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kan sì bá oníkálukú wá, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n máa jó níbi àríyá, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú kí wọ́n wá jókòó ti òun, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n gbọ́ èdè tí aláìsàn fi ń ṣàlàyé ìyà rẹ̀. Lambo kò ní láti gbà pé àjẹ́ ni ó ń ṣe aláìsàn kí ó tó gba aláìsàn gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi àlàyé tirẹ̀ gbá ẹnu aláìsàn kí ó tó fún un ní oògùn. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní California ní 2008 ni ó wà ní Arò ní 1954.

Ibi tí oníṣègùn bá ti kúrò ni oníjìbìtì ń gbà wọlé. Wọ́n ń ta omi fàdákà fún mímu, wọ́n ń ta ivermectin tí a ṣe fún ẹṣin àti màlúù, wọ́n ń ta ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́ ilé ní owó gọbọi, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní oògùn apakòkòrò àìfojúrí fún oṣù gbọọrọ láìsí àrùn tí a fojú rí. Àìnírètí ni ọjà wọn. Ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní ro owó kí ó tó ná an bí ẹni tí ó sùn dáadáa. A kò lè dẹ́bi fún ẹni tí ó ra ọjà náà kí a má dẹ́bi fún àwọn tí ó lé e dé ibẹ̀.

Nítorí náà, a dá a lábàá, lákọ̀ọ́kọ́, pé kí oníṣègùn yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé kò tíì sí ẹni tí ó wò ó rí: kí ó wo kúrúnà, kí ó wo iná orí, kí ó wo ìtọ̀ ṣúgà, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, kí ó béèrè oògùn tí ó ń lò àti ilé tí ó ń gbé. Lẹ́yìn náà, kí ó tọ́jú egbò gẹ́gẹ́ bí egbò, kí ó fún un ní ohun tí yóò jẹ́ kí ó sùn, kí ó gé èékánná rẹ̀ kúrú. Kí oníṣègùn awọ ara àti oníṣègùn ọpọlọ jókòó nínú yàrá kan náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe, kí aláìsàn má bàa rò pé ńṣe ni a lé òun láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn. Àwọn oògùn kan wà, bí i risperidone ní ìwọ̀n kékeré, tí ó ti mú ara fúyẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Kí a ṣàlàyé fún aláìsàn pé oògùn tí ń pa ìyún lẹ́nu mọ́ nínú ọpọlọ kò sọ ẹni tí ó lò ó di wèrè.

Lẹ́ẹ̀kejì, fún ẹbí: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ má bá a jà lórí fọ́nrán, ẹ má sì bá a wá fọ́nrán kiri. Ẹ sọ fún un pé ẹ rí i pé ó ń jìyà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gba bílíìṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí àrànmọ́ kò sí. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà gbé ọmọ ọmọ rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, fún ìjọba, yálà ti Amẹ́ríkà ni o tàbí tiwa: fọ́nrán tí a ti mọ̀ pé ó ń pa ènìyàn wà lórí òrùlé, kí a kọ́kọ́ gbé e kúrò níbẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìwádìí tí ó bá sì parí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé a kò rí kòkòrò kò tíì parí. Ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe, bí àwọn tí wọ́n kà wọnú ìwé náà bá ṣì jáde pẹ̀lú egbò tí wọ́n gbé wọlé.

Fún ẹ̀yin tí ara ń yún, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ kò purọ́, ẹ kò sì gọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, nínú ọkàn yín, pé ẹni tí ó ní òwú ni fọ́nrán náà lè jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, àti pé ẹni tí ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín gbọ́ kí ó tó dárúkọ iye tí ẹ óò san lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn oníṣègùn, òfin kan ṣoṣo ni a béèrè pé kí wọ́n fi sí iṣẹ́ wọn láti òní lọ: kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sọ fún aláìsàn mọ́ pé kò sí kòkòrò, àfi bí ó bá ti sọ fún un tán ohun tí òun yóò ṣe sí ara tí ń yún.